Ọ̀dà Tó Wà Lára Afárá Odò Jẹ́jẹ́

Ní Ìlútítun, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Mùtàlíbù aránṣọ kì í gbálẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀lẹ ni. Bí ọdún Iléyá bá ń bọ̀, ó lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi wọ̀, láì na ẹ̀yìn. Ó kàn gbà pé aṣọ ni Ọlọ́run dá òun láti máa rán, àwọn tí Ó dá láti máa gbálẹ̀ sì wà níbi tí wọ́n wà. Àjákù aṣọ lè ga dé orókùn lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀, yóò kàn gbé ẹsẹ̀ lé e bí ọba tó gbé ẹsẹ̀ lé tìmùtìmù. Hàwáù ìyàwó rẹ̀ ló máa ń wá gbá a, tí yóò máa kùn bó ṣe ń gbá.

Nítorí náà, nígbà tí Tíṣà Àjíṣafẹ́ dìde ní ìpàdé ìlú, lọ́jọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1971, tó ní òun ń wá àwọn tó máa fínnúfíndọ̀ tún ọ̀nà odò Jẹ́jẹ́ ṣe láìgba owó, kò sí ẹni tó tilẹ̀ bojú wo ibi tí Mùtàlíbù jókòó sí.

"Ẹ̀yin ará," ni Tíṣà wí, "ọ̀nà yẹn ti di ààtàn."

Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn ọjà ni ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba abẹ́ àwọn igi ńláńlá kan kọjá, lórí iyanrìn funfun, títí ó fi dé afárá sìmẹ́ńtì tó wà lórí odò. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pe odò náà nítorí pé omi rẹ̀ kì í sáré. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti tutù jù ní gbogbo ìlú, ibẹ̀ sì ni tọkọtaya, àgbàlagbà àti ọmọ ilé ìwé máa ń nasẹ̀ lọ nírọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ púpurú, oúnjẹ gbágùúdá wọn, níbẹ̀ yóò ju ewé rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó mu ògógóró yóò fi ìgò sílẹ̀, páànù sàdíìnì àti èèpo ìrèké sì kún etí ọ̀nà títí a kò fi mọ èyí tí í ṣe koríko mọ́. Ìkọkúkọ tún wá burú ju ìdọ̀tí lọ. Ẹni tó bá ti mọ ABD tán, ara igi ọ̀nà Jẹ́jẹ́ ló ti ń dán an wò, pẹ̀lú èédú tàbí ṣọ́ọ̀kì. Àwòrán ọ̀pẹ, àkùkọ àti àtẹ́lẹwọ́ tí àwọn olóṣèlú kùn síbẹ̀ kí ológun tó gba ìjọba ṣì wà lára ògiri àtijọ́ kan, tí wọ́n ń wo ara wọn bí ọ̀tá.

"A ó ṣa ìdọ̀tí kúrò," ni Tíṣà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "A ó fọ ìkọkúkọ tó wà lára igi, àti tara ògiri. A ó sì fọ ti ara afárá."

Mùtàlíbù gbọ́ "afárá." Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti dìde dúró.

"Ẹ fi afárá sílẹ̀ fún mi!" ló pariwo.

Gbogbo ìpàdé yíjú sí i. Obìnrin kan tó ń fọ́mọ lọ́mú gbàgbé, ọmọ sì bú sẹ́kún.

"Mùtàlíbù?" ni Tíṣà bi í, bí ẹni tí ojú ń tàn jẹ. "Ìwọ?"

"Èmi ni o. Afárá nìkan. Èmi nìkan sì ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣèyọnu láti bá mi dé ibẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn àgbà ní kò sí ẹni tí Ọlọ́run kò lè yí ọkàn rẹ̀ padà. Hàwáù, tó jókòó láàárín àwọn obìnrin, wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

*

Ohun tó ń lé Mùtàlíbù, ó gbà pé òun àti ẹnì kan péré ló mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1952, nígbà tí irun kò tíì hù dáadáa ní àgbọ̀n rẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wà ní ìlú tó ń jẹ́ Dora. Rírìn Dora dà bí ẹni tí orin ń tẹ̀lé lẹ́yìn. Mùtàlíbù ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwé nígbà náà, ìwé kíkọ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu bí èékánná tuntun. Lọ́jọ́ kan, àwọn tó ń ṣe títì gbàgbé agolo ọ̀dà kan sí ẹ̀bá odò. Ó fi igi ti ọ̀dà bọ̀, ó sì kọ ọ́ sára òpó afárá, ní lẹ́tà tó tóbi tó orí ewúrẹ́:

DORA ÌWỌ NI MO FẸ́. M.

Dora kò fẹ́ ẹ. Ó fẹ́ ọkùnrin kan ní Akótógbó tó ní ibùdó tí wọ́n ti ń fún epo pupa, ó sì lọ. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Mùtàlíbù gbé Hàwáù níyàwó, ọ̀rọ̀ Dora sì ti parí lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í gbàgbé. Ní ọ̀sẹ̀ tí Hàwáù wọlé ọkọ, àwọn méjèèjì jọ lọ pọnmi. Hàwáù gbé ìkòkò kalẹ̀ lórí afárá, ó nawọ́ sí òpó.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn?" ló bèèrè. Kò mọ̀wé rárá. Ní ilé baba rẹ̀, wọ́n ní ọmọbìnrin tó bá mọ púpurú rò ti mọ̀wé.

Mùtàlíbù wo òpó. Ó wo ìyàwó rẹ̀. "Orúkọ rẹ ni," ló sọ. "Ó ní, 'Hàwáù, ìwọ ni mo fẹ́.' Èmi ni mo kọ ọ́."

Ojú Hàwáù tàn bí ilé tí wọ́n ṣí fèrèsé rẹ̀. Ó lọ síwájú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀dà náà. Mùtàlíbù rí i, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé irọ́ tó mú ojú èèyàn dán báyìí kì í ṣe irọ́ gidi. Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí Hàwáù pọnmi tí kò fọwọ́ kan òpó yẹn. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá jà, ọ̀rọ̀ òpó ni ó máa ń fi parí ìjà náà pé, "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ kọ orúkọ mi sí afárá."

Wàyí o, gbogbo ìlú fẹ́ lọ fọ afárá, Tíṣà sì ni yóò síwájú wọn, ẹni tí kì í rí ìwé kó má kà á sókè.

*

Ní ọjọ́ Ẹtì, kí Sátidé iṣẹ́ tó dé, Mùtàlíbù gba ilé Salome lọ. Salome jẹ́ opó kan tó ń jọ́sìn ní ìjọ Aládùúrà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹfun kun ṣọ́ọ̀ṣì wọn, èyí tó ṣẹ́ kù sì wà nínú gáràwá ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Salome yìí náà ni Hàwáù máa ń sọ pé òun ń lọ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, láti lọ pa ẹkùrọ́.

"Ìyá Aládùúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ẹfun díẹ̀."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Bàbá Nùrẹ́nì?"

"Mo fẹ́ fi bo nǹkan kan ni."

Salome wò ó títí. "Ẹ̀ṣẹ̀ nìkan ni mo mọ̀ tí wọ́n ń bò," ló sọ, "ẹfun kì í sì í bò ó." Síbẹ̀, ó bu ẹfun fún un.

Bí Mùtàlíbù ṣe ń jáde, ojú rẹ̀ lọ sí igun ibi tí wọ́n kó ẹkùrọ́ jọ sí. Òkìtì náà ga débi pé adìẹ kan ti yé ẹyin sórí rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu díẹ̀ pé látọjọ́ tí Hàwáù ti ń pa ẹkùrọ́ yìí, òkìtì náà kò relẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òpó ló kún orí rẹ̀, kò ráyè ro ti ẹkùrọ́.

Ó dé afárá, ó wò yíká, kò rí ẹnì kankan. Ó kun òpó náà lẹ́ẹ̀kan, ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, ó kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta. Òpó funfun báláú. Kò sí Dora, kò sí M. Ó tẹ̀lé ọ̀nà padà sílé, ó ń súfèé, ó sì jẹ púpurú méjì pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó lálẹ́ ọjọ́ náà, débi pé Hàwáù bi í bóyá wọ́n ti san owó aṣọ kan fún un ni.

*

Ní òwúrọ̀ Sátidé, èèyàn bí ogún ló péjọ sí ẹ̀yìn ọjà pẹ̀lú ọkọ́, agbọ̀n, ìgbálẹ̀ àti gáràwá omi. Mákánjúọlá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe wà níbẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ lóòjọ́. Olúfúnmilọ́lá ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òun ló máa ń sọ ìyókù. Mùtàlíbù dé, ó wọ bùbá àtijọ́ kan, ó sì ń pàṣẹ.

Nígbà náà ni Tíṣà pàtẹ́wọ́. "Kí a tó bẹ̀rẹ̀! Ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà nírọ̀lẹ́. Ìwé tí ìjọba fún wa kò tó, méjì ni a ń pín láàárín èèyàn mẹ́wàá. Mo wá rò ó pé ìwé ọ̀fẹ́ pọ̀ lára igi wọ̀nyí. Nítorí náà, kí a tó pa ohunkóhun rẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni yóò kọ́kọ́ kà á sókè. Akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jáde!"

Salome jáde. Olúfúnmilọ́lá jáde. Ìyá àgbà méjì kan jáde. Lẹ́yìn wọn ni Hàwáù jáde, ó fi síléètì há abíyá.

Agbọ̀n bọ́ lọ́wọ́ Mùtàlíbù.

"Ìyá Nùrẹ́nì," ló sọ, ohùn rẹ̀ sì tinrín bí òwú, "ẹkùrọ́ ńkọ́?"

"Ó wà ńbẹ̀," ni Hàwáù dáhùn. "Kò lọ ibì kankan."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi àkọ́kọ́. Bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣa páànù àti ìgò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé. Olúfúnmilọ́lá ló kọ́kọ́ kà, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà: "Ám-bú-róò-sì, dá kẹ̀-kẹ́ mi pa-dà." Ẹ̀rín bú, nítorí Ambrose tó ń ta ìrèké ti lọ sí Èkó láti ọdún kẹta, kẹ̀kẹ́ náà ló sì gùn lọ sí ibùdókọ̀. Ìyá àgbà kan rí "IṢU WỌ́N JÙ," ó kà á sí "uṣu." Tíṣà ní "iṣu" ni. Ìyá àgbà ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, uṣu ni òun ń jẹ, kí Tíṣà lọ sọ fún ẹni tó kọ ìwé pé kó wá jẹ ẹ́ wò. Wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì pa á rẹ́.

Mùtàlíbù kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ tó ń ka ọ̀rọ̀ lára igi láìkọsẹ̀, bí ẹni tó ń mu omi. Ìgbéraga kan fẹ́ dé sí i lọ́kàn pé ìyàwó òun nìyí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti gba gbogbo àyè. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun kun òpó yẹn.

Wọ́n dé afárá.

Ẹ̀yin tó mọ iṣẹ́ ẹfun yóò ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹfun a máa lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Ní ọjọ́ Ẹtì, nígbà tó tutù, gbogbo rẹ̀ ló bo. Nígbà tí oòrùn Sátidé kàn án, gbogbo ẹfun tó wà lórí ọ̀dà sán, ó sì já bọ́ sílẹ̀ ní èépá èépá. Èyí tó wà yí i ká dúró digbí. Òpó tó ti ń ṣá láti ọdún mọ́kàndínlógún wá di pátákó funfun, lẹ́tà dúdú sì yọ jáde lójú rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Láti ìdí igi tó jìnnà ni èèyàn ti lè kà á.

"Háà!" ni Tíṣà wí. "Ẹnì kan ti bá wa fọ̀ ọ́ kó hàn dáadáa. Hàwáù, tìrẹ nìyí."

"Tíṣà," ni Mùtàlíbù sọ kíákíá, "oòrùn ti mú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi."

Hàwáù ti bọ́ síwájú. Kò fi ìka tọ lẹ́tà rárá. Ó dúró ṣánṣán, ó kà á ní ohùn òkè bí ẹni ń ka wàásù:

"Dora, ìwọ ni mo fẹ́. M."

Gbogbo ìgbálẹ̀ dúró. Odò Jẹ́jẹ́ pàápàá dà bí ẹni tó dúró.

"M," ni Olúfúnmilọ́lá tún un sọ. Ó yíjú díẹ̀díẹ̀. "Ta ni M?"

Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí èèyàn ro ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Ẹnu Mùtàlíbù là, ohun tó sì jáde ni, "Ó lè jẹ́ Mákánjúọlá."

Olúfúnmilọ́lá tú gèlè, ó fi di ìgbàdí. "Mákánjúọlá! Dora wo? Dora ta ni? Ìwọ tí o ní o kò lè sọ̀rọ̀! O kò lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n o lè kọ ọ́, àbí? Odidi afárá! Èmi, ìwọ kò kọ orúkọ mi sí ara kẹ̀kẹ́ rí!"

Ó ń bọ̀, Mákánjúọlá sì ń fà sẹ́yìn, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn títí omi fi wọ bàtà rẹ̀. Gbogbo èèyàn ń retí kó sẹ́. Kò sẹ́. Ó kàn gbé ojú sókè, ó wo Mùtàlíbù.

Ẹ̀yin ará, Mákánjúọlá ni ẹni kan ṣoṣo tó mọ̀. Ní ọdún 1952, òun ló di agolo ọ̀dà náà mú tí Mùtàlíbù fi ń kọ̀wé. Ọ̀dà ta sí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì dápàá sí i títí di òní. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní í sọ nísinsìnyí. Mùtàlíbù rí i lójú rẹ̀ kedere pé ọ̀rẹ́ òun yóò ru ẹ̀sùn yìí lọ sílé, yóò sì máa jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ títí ọjọ́ ikú rẹ̀, láìsọ nǹkan kan.

Ìyẹn ni kò lè gbà. Ó bọ́ síwájú.

"Olúfúnmilọ́lá, dúró," ló sọ. "Èmi ni. Èmi ni M."

Olúfúnmilọ́lá dúró. Ó wo Mùtàlíbù, ó wo ọkọ rẹ̀ nínú omi.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni Mùtàlíbù ń bá a lọ, kò sì lè wo ìyàwó rẹ̀ lójú. "Ọmọdé ló ń ṣe mí. Mi ò tíì mọ Hàwáù nígbà náà. Nígbà tí Hàwáù bi mí, mo ní orúkọ rẹ̀ ni. Irọ́ ni mo pa. Èmi náà ni mo fi ẹfun bò ó lánàá. Mákánjúọlá kò mọ nǹkan kan nípa Dora. Ẹ jẹ́ kó jáde nínú omi."

Tíṣà ń fi ọwọ́ nu awò ojú rẹ̀ tí kò dọ̀tí.

"Dora náà kà á?" Hàwáù ló bèèrè. Ohùn rẹ̀ tutù.

"Kò kà á."

"Kí ló dé?"

"Kò mọ̀wé."

"Kò mọ̀wé?"

"Kò mọ A. Ó kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀ títí ó fi lọ sílé ọkọ. Mo retí èsì fún oṣù mẹ́fà."

Salome ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà gba ihò imú jáde. Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà oníṣu jókòó sílẹ̀, ó ń lu iyanrìn. Mákánjúọlá rẹ́rìn-ín nínú omi, ẹ̀rín tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Nígbà tí Mùtàlíbù yóò fi gbójú sókè, èjìká Hàwáù pàápàá ti ń mì.

"Oṣù mẹ́fà!" ni Hàwáù ń wí, tó ń nu ojú. "Oṣù mẹ́fà!"

*

Ìyà Mùtàlíbù kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó gùn. Hàwáù ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a fọwọ́ kan òpó yẹn. Wọ́n fún un ní búrọ́ọ̀ṣì onírin àti ìgò kẹrosíìnì, àwọn yòókù sì lọ ṣa ìdọ̀tí ní ìhà kejì odò. Hàwáù nìkan ló dúró, ó jókòó sí etí afárá, ó fẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀kánkán omi, ó ń jẹ ìrèké. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ju èèpo rẹ̀, ó rántí, ó sì ń kó o sí orí aṣọ.

"Ìyá Nùrẹ́nì," ni Mùtàlíbù sọ nígbẹ̀yìn, ó ń họ ọ̀dà, òógùn ń kán, "o ò bú mi."

"Mo ti bú yín tán. Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

Mùtàlíbù dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"H ni Tíṣà fi kọ́ mi lọ́jọ́ kìíní," ni Hàwáù sọ. "Ó ní òun ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi. Ó ní ó dà bí òpó méjì tí wọ́n fi igi kan dábùú. Bí kíláàsì ṣe parí, mo sáré wá síbí. Mo fẹ́ rí orúkọ mi kí n tó sùn. Mo wá òpó méjì títí. Kò sí. Èyí tó wà níwájú ló lóyún." Ó nawọ́ sí D tí ìdajì rẹ̀ ti họ. "N kò tíì mọ èyí tó lóyún nígbà yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Tíṣà kọ́ wa."

"Hàwáù."

"Ọdún mẹ́tàdínlógún, Bàbá Nùrẹ́nì. Mo ń fi ọwọ́ pa obìnrin mìíràn lára láràárọ̀, kí n tó pọnmi fún yín."

Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ èyí. Mùtàlíbù wá jókòó tì í, búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òórùn kẹrosíìnì ń jáde lára rẹ̀.

"Ojú rẹ ló tàn," ló sọ níkẹyìn. "Nígbà tí o bi mí. Mo fẹ́ kó tàn bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù bà mí láti pa á."

Hàwáù jẹ ìrèké díẹ̀ sí i. "Mo bínú gan-an. Mo sunkún nílé Salome, a ò pa ẹkùrọ́ kankan lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá, mo wá rí i pé bí kì í bá ṣe irọ́ yín, n kì bá tí wá ìwé kà. Orúkọ mi ni mo fẹ́ kà. Ẹ wò ó, mo ti ń ka tẹlòmíì báyìí."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi láti oṣù mẹ́ta?"

"Mo fẹ́ kí ẹ sọ ọ́ fúnra yín. Mo dúró títí, ẹ ò sọ. Ni mo bá lọ bá Tíṣà, mo ní ọ̀nà odò ti dọ̀tí, ṣé kò yẹ kí ìlú lọ fọ̀ ọ́."

Mùtàlíbù wò ó pẹ̀lú ẹnu lílà. "Ìwọ ni?"

"Èmi ni. Ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́ yín. Lẹ́tà O ṣì wà ńbẹ̀, àti R."

Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ó fi họ A tí ó gbẹ̀yìn lára Dora kúrò, oòrùn ti ń lọ sí ìwọ̀, apá rẹ̀ kò gbé sókè mọ́. Hàwáù bọ́ sílẹ̀, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bá a họ ìyókù láìsọ̀rọ̀. Bí wọ́n ṣe dé orí M, ó ní kí ó jẹ́ kí òun ṣe ìyẹn nìkan. Ó họ ọ́ pẹ̀lú agbára tó fi ya Mùtàlíbù lẹ́nu.

*

Ìròyìn ọ̀nà odò Jẹ́jẹ́ tàn ká. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Èrínjẹ ránṣẹ́ sí Tíṣà pé kí àwọn afínnúfíndọ̀ rẹ̀ jọ̀wọ́ wá bá wọn dá sí ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà tiwọn. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ gbé gbágùúdá gbé wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Mùtàlíbù ti fi àpò ìyọ̀ àtijọ́ rán àpò ìdọ̀tí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, olókùn léjìká, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí tó rán ṣeré. Mákánjúọlá náà wà nínú ọkọ̀. Olúfúnmilọ́lá jókòó sí àárín wọn, nítorí ó ní òun kò mọ ohun tí àwọn méjèèjì tún lè kọ.

Ní Èrínjẹ, wọ́n bá ògiri kan tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà kọ̀wé gàdàgbà sí: MA TO SIBI. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan ní ìkọkúkọ ni, kí wọ́n họ ọ́. Ẹni tó ni ògiri jáde nínú ilé pẹ̀lú ìbínú, ó ní òun fúnra òun lòun kọ ọ́, òórùn ìtọ̀ ló ń pa òun, wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

"Bàbá, wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu yín?" ni Mùtàlíbù bi í.

"Wọn kò gbọ́! Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tọ̀ ọ́!"

Hàwáù ti ń wo ògiri láti ẹ̀ẹ̀kan. Ó yọ ṣọ́ọ̀kì jáde nínú àpò rẹ̀.

"Bàbá," ló sọ, "ohun tó wà níbí ni pé kí wọ́n má tò sí ìlà. Wọn kò sì tò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àmì kékeré kan sí abẹ́ O, ó fi àwọn àmì ohùn sí i lókè, ó sì dìde, ó gbọn eruku ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ padà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì: MÁ TỌ̀ SÍBÍ. Mùtàlíbù ti gbé àpò ìdọ̀tí rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń bèèrè lọ́wọ́ bàbá olúlé bóyá ó ní ìgbálẹ̀ kan tí òun lè yá.